Ègé Ìkòkò Tí Mo Fọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Orúkọ tí ọmọ ọmọ mi ń pe obìnrin náà ni ó kọ́kọ́ dùn mí. Èmi ni ó ń pè ní Màmá, nítorí pé kété tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú ni ìyá rẹ̀ ti gbé e wá bá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀ ní Èkó. Ìgbà tí ọmọ wọ yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń kọ́ nípa irin àti gbogbo ohun tí wọ́n ń yọ́ nínú iná, ó bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan pàdé níbẹ̀, obìnrin bíi tèmi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Mọ́mì. Bó bá pè mí lórí fóònù, Mọ́mì ní kó máa tètè sùn. Mọ́mì ra bàtà fún un. Mọ́mì ní ọwọ́ rẹ̀ dára, pé nínú gbogbo kíláàsì wọn, kò sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń mú irin dán tó o.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni n ò lè gbé mì. Ta ló fún un lọ́wọ́ náà? Ìkòkò alumíníọ̀mù ni ọkọ mi ń ṣe kó tó kú. Yóò yọ́ ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì, yóò dà á sínú iyanrìn tó ti fi ìkòkò mìíràn tẹ̀, yóò sì fi èyí tó kù sílẹ̀ fún mi. Èmi ni mo ń fi fáìlì gé etí rẹ̀, èmi ni mo ń fi sánpépà ha á, tí mo sì ń fi eérú àti àkísà tútù fọ̀ ọ́ títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Ọmọ náà kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ tí mo ti ki àkísà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo kọ́ ọ pé apá kan ni kó máa ha sí títí gbogbo ìlà àtẹ̀yìnwá yóò fi pa rẹ́, kó tó yí i padà kó ha á ní ìbú. Ohun kan náà ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní yunifásítì, àfi pé ẹ̀rọ ni wọ́n ń lò, tó sì jẹ́ pé Mọ́mì ló ń gba ìyìn rẹ̀.

Ìgbà tí obìnrin náà fẹ́ fẹ̀yìn tì, yunifásítì ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá kan láti fi yẹ́ ẹ sí. Ọkùnrin kan yóò ti ilé ìwé mìíràn wá sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń fi máíkírósíkópù, awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, wo inú àwọn nǹkan tí a fi ń ṣe ìkòkò, mọ́tò àti afárá. Lẹ́yìn tirẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ni yóò dìde fi iṣẹ́ han àwọn èèyàn. Ọmọ ọmọ mi ni Mọ́mì mú. Ó gé ègé kan tí kò ju èékánná lọ lára ìkòkò bàbá rẹ̀ àgbà, ọ̀kan tó máa ń jò. Ó ní ọkùnrin àlejò náà ń wá ẹni tí yóò mú lọ kàwé sí i lọ́dọ̀ rẹ̀, pé bí iṣẹ́ òun bá yọrí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun.

Ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti wọkọ̀ lọ, mo sì sùn sí yàrá rẹ̀. Ó ṣí páálí kékeré kan, ó fi ègé náà hàn mí láàárín òwú. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike dúdú roboto kan bí ìdérí ìgò. Mo wò ó. Kò dán. Ṣe ló rí bí ohun tí èéfín fẹ́ lù.

Mo bi í pé ṣé báyìí ni wọ́n fẹ́ kó rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti dán tẹ́lẹ̀, àwọn ló fi omi ásíìdì díẹ̀ sí i kó lè jẹ ojú rẹ̀, kí inú rẹ̀ lè hàn nínú awò. Mọ́mì ló kọ́ àwọn bẹ́ẹ̀.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ó ti ṣe tán."

Mo ní mo ti gbọ́.

Lówùúrọ̀, lẹ́yìn tí a kírun àsùbáà tán, ó mú korobá, ó lọ wẹ̀. Mo yọ ègé náà. Mo lọ bu eérú nídìí ààrò ìyá onílé lẹ́yìnkùlé, mo fi etí gèlè mi sẹ́ ẹ kó kúnná, mo wá jókòó fọ̀ ọ́. N kò kánjú. Ìgbà tí mo ṣe tán, mo rí ẹyinjú mi nínú rẹ̀. Mo dá a padà sínú òwú. Bí mo bá ní mo gbàgbé ohun tí ọmọ sọ fún mi, irọ́ ni mo ń pa. Mo kàn fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ mi náà wà níbẹ̀ ni.

Gbọ̀ngàn náà kún. Ọkùnrin àlejò sọ̀rọ̀ títí, òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, kíláàsì mẹ́ta péré ni mo sì kà. Ojú obìnrin tí wọ́n ń yẹ́ sí ni mo ń wò. Ó kéré sí mi dáadáa. Bùbá àdìrẹ ló wọ̀, kò kun nǹkan kan sójú, àwọn èèyàn sì ń kúnlẹ̀ kí i bí ẹni pé òun ló bí wọn.

Wọ́n pe ọmọ mi. Ó gbé ègé náà sábẹ́ awò, wọ́n tan àwòrán rẹ̀ sára ògiri. Funfun báláú ni, pẹ̀lú ìlà wẹ́wẹ́ kiri ojú rẹ̀ bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ó yí kinní ẹ̀gbẹ́ awò náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò sí ohun tó yàtọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ọmọ náà gbójú sókè wá mi láàárín èrò, ó wo ọwọ́ mi. Àtàǹpàkò mi ṣì dúdú. Ẹni tó bá fọ alumíníọ̀mù, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń rí.

Obìnrin náà dìde, ó lọ bá a, ó yọ ègé náà wò sí ìmọ́lẹ̀. Ó gbàgbé òyìnbó.

"Ta ló fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí?"

"Èmi ni, Mọ́mì. Mo ní kí n tún un fọ̀ ni. Ẹ má bínú."

Mo gbọ́ ọ, inú mi sì dùn. Kí n má purọ́, ó dùn gan-an. Ó purọ́ fún Mọ́mì rẹ̀ nítorí mi. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń jẹ adùn rẹ̀, ojú sì ń ti ọmọ níwájú gbogbo ayé.

Obìnrin náà mi orí. "Ìwọ? Ta ló kọ́ ẹ ní irú iṣẹ́ báyìí?"

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. "Èmi ni mo kọ́ ọ. Èmi náà ni mo fọ̀ ọ́. Ọmọ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ burúkú."

Ẹnì kan ní màmá, ẹ jókòó. N kò jókòó. Obìnrin náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí mi.

"Kí lẹ fi fọ̀ ọ́, mà?"

"Eérú."

"Eérú lásán?"

"Mo sẹ́ ẹ."

Ó yíjú sí àwọn èèyàn, ó sọ nǹkan kan lóyìnbó, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Títí di òní n kò mọ ohun tó sọ, n kò sì bi ọmọ. Ó rán èèyàn lọ gbé ìgò ásíìdì wá. Ọmọ mi fi sánpépà tó kúnná jù pa ìlà mi rẹ́, ó kán omi náà sí i, ó fi omi ṣàn án, ó fẹ́ ẹ gbẹ. Kò gba àsìkò púpọ̀. Wọ́n tún tàn án sára ògiri: ẹ̀ka lórí ẹ̀ka bí igi tí kò léwé, àti ihò dúdú káàkiri. Ihò wọ̀nyẹn ló ń mú ìkòkò ọkọ mi jò. Ó ṣàlàyé rẹ̀ láìkólòlò. Ọkùnrin àlejò bi í ní ìbéèrè méjì, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì ní kó wá rí òun lẹ́yìn ètò. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin yẹn tó wà léjìká ọmọ mi ni mò ń wò.

Ọmọ náà ló sìn mí dé ibi ọkọ̀ Ọ̀yọ́. Ìgbà tó gbé báàgì mi sẹ́yìn ọkọ̀ tán, ó ní, "Màmá, ẹ gbọ́ mi lánàá nígbà tí mo ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án."

Mo ní, "Mo gbọ́ ẹ."

Ó ń tún ìbòrùn mi ṣe lọ́rùn. Ó ní kí n pe òun bí mo bá délé, pé wọ́n ń dúró de òun, Mọ́mì fẹ́ kí àwọn jọ ya fọ́tò. Mo ní kó máa lọ. Mo yẹjú lójú fèrèsé ọkọ̀. Eré ló ń sá padà, ó ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè lọ́wọ́ kan, bó ṣe máa ń sáré wá pàdé mi lójú títì nígbà tó wà ní kékeré.