Aṣòfin Tó Dùbúlẹ̀ Nílé Ìgbìmọ̀

Ọjọ́ tí òkìkí bàbá aṣòfin kan tó ti di olóògbé báyìí kọ́kọ́ kàn, ọ̀rọ̀ ibùsùn ilé ìwòsàn ni wọ́n ń jiyàn lé lórí nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àbádòfin kan wà nílẹ̀ pé kí ìjọba ra ibùsùn tuntun sí gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba. Olórí ilé yíjú sí i, ó ní, "Aṣòfin, níbo lẹ dúró sí lórí ọ̀rọ̀ yìí?"

Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ká kóòtù rẹ̀, ó fi ṣe ìrọ̀rí, ó sì nà gbalaja sílẹ̀ láàárín gbogbo wọn. "Mi ò dúró rárá, ọ̀gá mi. Mo dùbúlẹ̀. Báyìí làwọn tó dìbò fún wa ṣe ń sùn nílé ìwòsàn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Ẹ wá ibùsùn fún mi ná."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Olórí ilé ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí iṣẹ́ máa lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn yòókù kò tètè tán lẹ́nu wọn, ilẹ̀ náà sì tutù dáadáa. Nígbà tí wọ́n fi máa dìbò, bàbá ti sùn lọ fọnfọn, ó ń hanrun. Ìbò kan ṣoṣo ni àbádòfin náà fi ṣubú. Tirẹ̀ ni.

Kó tó délé, oníbàárà kan tó wá gba ṣòkòtò ti gbé ìròyìn náà wá fún ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Oníbọ́tìnnì. Màmá jẹ́ kí bàbá jẹun dé ìdajì ná.

"Wọ́n ní ẹ sùn."

"Mi ò sùn. Mo dijú ni, kí n lè ronú."

"Ṣé ìrònú yẹn ló wá ń hanrun?"

Bàbá rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ìyá ilé, bí ìrònú bá ti wúwo jù, ó máa ń dún."

Síbẹ̀, Màmá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ọkùnrin tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọ́fíìsì aṣòfin kan dé òmíràn, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àbádòfin náà padà wọlé. Àwọn kan fi í ṣẹ̀sín, wọ́n bi í bóyá ó ti sùn tó. Ó gbé e mì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà padà dé iwájú ilé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kọ̀, kò jókòó títí wọ́n fi dìbò tán. Àbádòfin wọlé. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ́ Dùbúlẹ̀-Ṣòfin, ó sì ń dáhùn bí ẹni pé oyè ni.

Lórí ọ̀rọ̀ omi, orí rẹ̀ le ju òkúta lọ. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sẹ́yìnkùlé wọn. Ó ní òun ò ní í gbẹ́. "Bí mo bá ní omi tèmi, ta ni yóò máa rán mi létí pé kò sí omi ládùúgbò?"

"Èmi ni," Màmá dáhùn, ó sì gbé korobá méjì lé e lọ́wọ́.

Bí aṣòfin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tò sídìí ẹ̀rọ omi òpópónà nìyẹn, tòun ti táì lọ́rùn. Àwọn tó ti ń wá a tì lọ́fíìsì wá mọ ibi tí wọ́n á ti rí i. Ẹni tí owó orí ń gún lára, ẹni tí onílé ń lé jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí lórí ìlà. Bàbá sì fẹ́ràn àríyànjiyàn débi pé, bó bá kàn án láti pọnmi, á ní kí ẹlòmíràn bọ́ síwájú kí òun lè dá alátakò òun lóhùn dáadáa. Á jáde láàárọ̀, á wọlé lọ́sàn-án pẹ̀lú ìdáhùn sí gbogbo ìṣòro ìlú àti korobá gbígbẹ méjì.

Àmọ́ ti ilé ìwé ló le jù. Ìgbìmọ̀ tí bàbá ń darí ló fọwọ́ sí àga àti tábìlì tuntun fáwọn ọmọ. Àwọn òbí ní ó ti kéré jù, bàbá ní kò kéré, ó sì gbéra lọ sílé ìwé kan láti lọ fi ara rẹ̀ dán an wò. Ọ̀gá ilé ìwé mú un lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ọmọ. Ó fún ara rẹ̀ sáàárín àga àti tábìlì kan tí wọ́n kàn pọ̀.

"Ó tó mi," ó ní, ó sì bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ ọ̀la.

Nígbà tó parí, ó dìde. Àga àti tábìlì bá a dìde. Wọ́n ránṣẹ́ pe káfíńtà. Bí ayùn ti ń wọ igi, káfíńtà ń kùn. "Ta lẹni tó tiẹ̀ fọwọ́ sírú nǹkan báyìí?"

Ọ̀gá ilé ìwé gbójú sókè, ó ń wo àjà.

"Máa gé igi ẹ lọ," bàbá sọ.

Nílé, Màmá tú ṣòkòtò tí bàbá wọ̀ lọ síbẹ̀ wò, ó fi ọwọ́ la ibi tó ti fàya kọjá. "Ibi tẹ́ ẹ dúró sí lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwé nìyí?" Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá sọ níwájú gbogbo ilé pé òun ṣìnà, kí wọ́n pààrọ̀ àwọn àga náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láyé nìyẹn, nítorí àwọn ọmọ kéékèèké sì ni.

Kò pẹ́ tó fẹ̀yìn tì ni àìsàn ọkàn mú un lọ. Níbi ìsìnkú, olórí ilé àná dìde láti yìn ín, ẹ̀rín gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó padà lọ jókòó, ó ń nu ojú.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ilé dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màmá tan rédíò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni wọ́n ń sọ nílé ìgbìmọ̀. Aṣòfin tuntun kan ní kí wọ́n fi kún owó iná, pé ará ìlú ò ní mọ̀ ọ́n lára. Bàbá kì í jẹ́ kírú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá lọ. Á nàka sí rédíò, á máa fún un lésì títí oúnjẹ rẹ̀ á fi tutù, tí Màmá á máa sọ pé rédíò ò létí.

Màmá dúró díẹ̀. Kò sẹ́ni tó fèsì. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Irọ́ ni," ó sọ fún rédíò. "A máa mọ̀ ọ́n lára gan-an."

Ọmọbìnrin rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná. "Màmá, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Aṣòfin ni."

"Ṣé ó gbọ́?"

"Ìgbà wo ló gbọ́ tẹ́nikẹ́ni rí?"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, ọmọ náà sì bá a rín in. Màmá fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nu ojú, ó sì yí rédíò sókè sí i.