Àbíbù Olóólà, Àjèjì Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹni tó bá ti rí ojú Barthélemy ti rí iṣẹ́ ọwọ́ Àbíbù. Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dọ́gba, ó mọ́, ó gún. Ìgbà tí Barthélemy ṣì ń mu ọmú ni Àbíbù kọ ọ́. Ọmọ náà dàgbà, ó di dẹlẹgé, ìyẹn aṣojú kọmitẹ́ ìjọba ní àdúgbò. Ẹnu tó wà láàárín ilà yẹn náà ló wá là, tó pe Àbíbù ní àjèjì. Bí mo bá ti rántí, itọ́ a kún mi lẹ́nu.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí Àbíbù sí, àmọ́ kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà nígbà tí bàbá rẹ̀, olóólà bíi tirẹ̀, kó wọn wá sí Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìdí òkè ìlú yìí ló ti kọ́ ìrìn. Ó fẹ́ Fọláṣadé, ọmọ bíbí ìlú, ó sì ń sọ èdè Ṣábẹ̀ẹ́ débi pé bí àwọn ẹbí bá ti Ìsẹ́yìn wá kí i, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Ó ń kọ ilà ojú, ó sì ń kọ ọmọkùnrin nílà abẹ́. Àdúgbò Bessé o, Boni o, Adido o, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ín, pẹ̀lú àpò abẹ àti ìgbín, nítorí omi ìgbín ló máa ń ro sójú ọgbẹ́ kó lè tu ọmọ lára. Ọmọ ìmàle, ọmọ ìgbàgbọ́, ọmọ abọ̀rìṣà, abẹ kan náà ni. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ńlá ni!

Fọláṣadé kú, Àbíbù sì sin ín sẹ́yìn ilé. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ló kù tí Àbíbù ń fẹ́ láyé: kí wọ́n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó òun. Wàsílátù ọmọ rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún mi. Kò sunkún. Ó kàn ń tutọ́ ni.

Lọ́dún 1978, ìjọba ológun ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan gbé àṣà ẹ̀yà rẹ̀ jáde, pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ ni ẹwà Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí Wàsílátù débẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀, orí mi wú. Ẹ̀yà gbogbo lábẹ́ àsíá kan, ta ni kò wù? Wọ́n gbé Àbíbù jókòó sórí pèpéle ní pápá, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, abẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Barthélemy di gbohùngbohùn mú.

"Ẹ̀húzù!" Èdè Fọ̀n ni, pé nǹkan ti yí padà.

"Dandan!" ni gbogbo pápá fi dá a lóhùn.

"Ẹ wò ó o! Àṣà Bẹ̀nẹ̀ rèé! Bàbá wa rèé!"

Àtẹ́wọ́ sọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Gabon lé àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ wálé. Norbert, àbúrò Barthélemy, wà nínú wọn. Báàgì kan péré ló gbé sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò bára mu. Barthélemy dì mọ́ ọn, ó sunkún lójú gbogbo ayé, ó ní ẹranko ni ẹni tó bá lè lé èèyàn jáde bẹ́ẹ̀.

Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú o! Nítorí oṣù náà kò tíì parí tí kọmitẹ́ fi jókòó, tí wọ́n ní àjèjì ti pọ̀ jù nílùú, pé amí lè wà nínú wọn, pé ẹni tí kò bá ní káàdì àlejò kó kọjá bodè. Barthélemy fúnra rẹ̀ ló wá jẹ́ iṣẹ́ náà fún Àbíbù. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Bàbá, òfin ni. Ẹ kì í ṣe ọmọ ibí."

"Ọjọ́ tí mo wà lórí pèpéle ńkọ́?"

"Àṣà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìlú nìyí."

"Ibo ni wọ́n ti ń gba káàdì?"

"Wọn ò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Kí ọjọ́ Àìkú tó pé, kí ẹ ti lọ."

"Àṣé ọwọ́ mi lọmọ Bẹ̀nẹ̀, èmi tó ni ọwọ́ ni àjèjì. Mo gbọ́."

Ọjọ́ Ẹtì ni ìyá Barthélemy gbé ọmọ Barthélemy wọ ilé Àbíbù, ọkùnrin jòjòló tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ, pé kí Àbíbù kọ ọ́ nílà abẹ́. Barthélemy ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá, ẹ má dójú tì mí! Wọ́n ti lé bàbá yìí!"

"Ta ló lé e?"

"Ìjọba ni."

"Ó dáa. Lé ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ náà lọ! Ṣebí òun ló kọ ọ́? Rù ú dé bodè, kó o dá a padà fún un!"

Àwọn obìnrin tó ń fa omi ní kànga bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Dẹlẹgé, rọra o, ojú ò ṣeé bọ́ bí fìlà."

Àbíbù kò rẹ́rìn-ín. Ó fọ ọwọ́, ó gba ọmọ, ó ṣe é, ó lu ìdí ìgbín, ó ro omi rẹ̀ sí i. Ẹkún ọmọ kò pẹ́. Ó wá ní, "Mo gbọ́dọ̀ máa wo ọgbẹ́ yìí títí yóò fi jinná. Àbí kí dẹlẹgé máa gbé e tọ̀ mí wá sí Ìsẹ́yìn?"

Barthélemy wolẹ̀. "Ẹ dúró títí yóò fi jinná."

Ìlú gbọ́, wọ́n ní okó ọmọ Barthélemy ti di káàdì Àbíbù. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn náà ni mo wá rò ó wò. Àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti funfun, orí ọgbẹ́ ìkókó ló ń gbé ìlú!

Ọgbẹ́ jinná. Àbíbù lọ bá Barthélemy nílé.

"Ó ti san. Mi ò tọrọ ju ẹyọ kan lọ: ẹ jẹ́ kí n kú síbí, kí wọ́n sin mí ti ìyá Wàsílátù."

"Ìyẹn kọjá agbára mi, Bàbá. Àmọ́ ẹ fọkàn balẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá ọlọ́pàá jandáàmù ti fẹ́ bímọ. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, ẹ ó tún dúró díẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe sọ ọ́! Oore ló rò pé òun ń ṣe!

"Bó bá wá jẹ́ obìnrin ńkọ́?" ni Àbíbù bi í.

Àbíbù padà sílé, ó wa ilẹ̀ nídìí sàréè Fọláṣadé, ó ri àpò abẹ rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lé òun bó bá ti wù wọ́n. Òun ò ní fi awọ ọmọ ọlọ́mọ ra ilẹ̀ tí òun yóò sùn sí.

Wọ́n gbé kámíọ̀nù, ọkọ̀ akẹ́rù, wá lówùúrọ̀. Nínú gbogbo ojú tí Àbíbù kọ ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹnìkan ṣoṣo ló jáde wá bá a di ẹrù: Norbert.

"Bàbá, ẹ má gbé ìkòkò, wọ́n á gbà á ní bodè. Ẹ wọ aṣọ yín léra wọn. Èyí tó bá wà lára, wọn kì í sábà bọ́ ọ."

Bẹ́ẹ̀ ni Àbíbù ṣe wọ bùbá lé bùbá, ó fi agbádá bò ó, ó jókòó sẹ́yìn kámíọ̀nù nínú oòrùn, òógùn bò ó. Wọ́n gba ọ̀nà Kìlìbò lọ sí bodè. Ìsẹ́yìn ló kú sí, láàárín àwọn tó ń pè é ní ará Ṣábẹ̀ẹ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ṣe àjọ̀dún àṣà. Pèpéle náà ni, gbohùngbohùn náà ni. Wọ́n wá birikìlà kan tí kò gé ewúrẹ́ rí, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, wọ́n ní olóólà ni. Wàsílátù, tí wọn ò lé nítorí ìyá rẹ̀, wà níbẹ̀. Ó ní òun dá ohun tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà mọ̀ láti ọ̀ọ́kán: ọ̀bẹ tí ìyàwó Barthélemy fi ń rẹ́ ẹ̀fọ́ ni.

"Àṣà Bẹ̀nẹ̀ rèé!" ni Barthélemy kígbe.

Wọ́n sì pàtẹ́wọ́.