Olè Tí Mo Rí Nínú Rédíò Màmá Tíṣà

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn lẹ́ẹ̀dì, irin tí à ń yọ́ lẹ wáyà rédíò, ìsọ̀ mi ní Ìlobù ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ibẹ̀ ni mo ti ń tún rédíò ṣe ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé 1990, mo sì gbà pé kò sí rédíò tí ọmọ aráyé ṣe tí mi ò mọ inú rẹ̀. Ẹ lè bi mí pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Èmi náà ni.

Àṣà kan wà láàárín àwa atúnrédíòṣe nígbà náà. Ohun tó ń mú rédíò sọ̀rọ̀ ni transísítọ̀, nǹkan dúdú kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Àwọn aláìníláárí kan nínú iṣẹ́ wa a máa yọ èyí tó dára nínú rédíò oníbàárà, wọn a fi èyí tó ti ń kú lọ rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, ojú oníbàárà la ti ń ṣí rédíò, a ó sì kà á sókè: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí dé méje tàbí mẹ́jọ. Bó bá fẹ́ gbé e lọ, a ó tún un kà. Mo fẹ́ràn kíkà yẹn ju iṣẹ́ gan-an lọ, torí àwọn tó máa ń jókòó síwájú ìsọ̀ a máa bá mi kà á bí ọmọ iléèwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá Tíṣà gbé rédíò tuntun wá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló kọ́ èmi gan-an ní ìwé kẹta. Ọmọ rẹ̀ ló fi rédíò náà ránṣẹ́ láti Èkó, kò pẹ́ tó fi yadi. Ó ti kọ́kọ́ gbé e fún atúnrédíòṣe kan ní Ìfọ́n, nígbà tó lọ kí àbúrò rẹ̀ tó wà nílé ọkọ níbẹ̀.

"Ó ní áísì rẹ̀ ló kú, pé kí n ní sùúrù, òun ń wá a," ni màmá wí. "Mo ní sùúrù títí, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo bá gbà á padà. Ìròyìn àárọ̀ mi ńkọ́?"

"Ẹ jókòó, mà. Ẹ ti dé ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n."

Mo ṣí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ọ̀kan, èjì. Mo dúró. Kò sí ẹ̀kẹta. Nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan, ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ bí ọ̀kùn, ló sùn sáàárín. Mo mọ̀ pé áísì ni wọ́n ń pè é, mo ti rí i nínú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣí sílẹ̀, àmọ́ mi ò mọ̀ pé òun nìkan lè ṣe iṣẹ́ odidi rédíò. Ká ní mo dákẹ́ ni! Mo gbójú sókè, mo ní, "Màmá, wọ́n ti kó inú rédíò yín lọ. Transísítọ̀ márùn-ún ni ará Ìfọ́n yìí jí."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú méjèèjì mọ̀ pé aáwọ̀ lórí ilẹ̀ ti wà láàárín wa tipẹ́. Ẹnu àwọn tó ti ń wá irú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi bọ́ sí. "Kí ni mo ti ń sọ fún yín nípa wọn?" ni ẹnìkan wí. Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì màmá. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti dé Ìfọ́n, àwọn ará Ìfọ́n pàápàá sì ti ń gba rédíò wọn padà lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

Èmi wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo láti ra transísítọ̀ márùn-ún. Mo mú pánẹ́ẹ̀lì rédíò náà dání, ìyẹn pátákó tí wọ́n to gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sí. Ọmọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà rédíò yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ fẹ́ kì wọ́n bọ̀? Ihò wọn dà?"

Mo wò ó. Lóòótọ́, kò sí ihò. Kò sí ohun tó dúró níbẹ̀ rí tí ẹnikẹ́ni lè jí.

"Inú eléyìí ni gbogbo wọn wà," ó fi ìka kan áísì náà. "Wọ́n ti ṣe wọ́n ní wẹ́wẹ́, wọ́n pọ̀ ju èyí tójú yín lè rí lọ. Ẹnìkan láti Ìfọ́n tiẹ̀ ní kí n bá òun wá irú rẹ̀. Àná ló dé. Ṣé ẹ ó bá mi mú un fún un?"

Bí mo ṣe gbé áísì náà dé Ìfọ́n nìyẹn. Rédíò kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì ọkùnrin náà, tirẹ̀ sì ni. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa, síbẹ̀ mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Háà, ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde! Ta lẹ̀yin?"

Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Ó jókòó padà, kò sì tún sọ pé kí n dìde mọ́.

"Wọ́n ń pe ọmọ mi ní ọmọ olè níléèwé," ó ní. "Èmi lè dárí jì yín. Àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu yín ńkọ́?"

Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni pé ká ṣí rédíò náà níbi tí mo ti ṣí i, lójú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ní Sátidé, ó wá sí Ìlobù, ó jókòó sórí àga mi, ó yọ áísì tó kú, ó fi tuntun sí i. Rédíò sọ̀rọ̀. Mo dìde, mo ní kò jí nǹkan kan, èmi ni mi ò mọ̀. Màmá Tíṣà ní, "Bó o ṣe ń ṣe ní ìwé kẹta náà nìyẹn. O ò ní ka ìbéèrè tán kó o tó dáhùn." Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní, "Àbí ó ti dá a padà ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ará Ìfọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Àwọn oníbàárà rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ áísì láìjó o.

Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin mi tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ń sọ fún mi pé transísítọ̀ inú fóònù ti kéré débi pé kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ bó bá sùn pẹlẹbẹ. Wọ́n ti gbé e dìde bí ebè, kí ohun tó ń jẹ́ kí iná kọjá tàbí tó ń dá a dúró, tí wọ́n ń pè ní ẹnu ọ̀nà, lè dì mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì. Nínú àwọn tó ń bọ̀, ẹnu ọ̀nà náà yóò yí i ká pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kó tún un sọ kí n tó gbà pé ó yé mi.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí kò sí níbẹ̀ ní Sátidé tí mo jẹ́wọ́. Ó ti lọ sóko ọ̀nà jíjìn, ibẹ̀ ló sì kú sí. Títí tó fi kú, olè ni ará Ìfọ́n yẹn lójú rẹ̀. Ará Ìfọ́n kò mọ̀ ọ́n rí. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n.