Ọjọ́ Tí Mo Jókòó Ṣọ́ Mẹkáníìkì Mi

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí mo jókòó ṣọ́ Ràsákì, mẹkáníìkì mi ní Múṣín. Bí ògbólógbòó mọ́tò mi bá ń sáré, kò sí wàhálà. Àmọ́ bó bá dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, á gbóná janjan. Ọkàn mi ní Ràsákì ti yọ rédíétọ̀ mi tà, ó sì ti fi àlòkù rọ́pò rẹ̀.

Mo fa àga ti mọ́tò, n kò gbójú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ lọ jẹun." Mo ní mo ń gbààwẹ̀. Irọ́ ni.

Ó tan ẹ́ńjìnnì. Fáànù ń yí dáadáa. Lójijì, omi gbígbóná tú jáde fùù! Mo fò sẹ́yìn, àga ṣubú. Nígbà tó rọlẹ̀, Ràsákì na ọwọ́ síwájú rédíétọ̀, ó fa àpò ìrẹsì kan yọ.

"Atẹ́gùn ò ráyè wọlé. Ta ló ki àpò síbí?"

Èmi ni mo fi dí ibẹ̀, kí eku má baà wọlé jẹ wáyà. Ojú tì mí. Mo ní, "Mẹkáníìkì tó tún un ṣe kẹ́yìn ni."

"Èmi ni mo tún un ṣe kẹ́yìn, Àǹtí."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbàgbé? Títí dòní, bí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ Ràsákì, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé àga wá: "Àǹtí, ẹ jókòó, ẹ máa ṣọ́ wa."