Láfún Lórí Títì Lálùpọn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó dá Jacob Akínwándé sí, olùkọ́ àti akọ̀wé ẹgbẹ́ onímọ́tò wa. Ní ọdún 1963, òun ni ó ṣètò ọjọ́ eré ìje wa lórí títì tuntun tí wọn kò tíì ṣí ní Lálùpọn, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè gbé èrò kan sáré. Ó ti kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹnikẹ́ni má baà rìn níbẹ̀.

Jacob dúró ní kọ́nà. Mọ́tò àkọ́kọ́ ti gbéra, Títíladé aya rẹ̀ sì ni èrò tí mọ́tò náà gbé, nígbà tí Jacob bojú wẹ̀yìn tí ó rí Ìyá Fàtímọ̀ tí ó ń sá láfún sórí ọ̀dà. Mùsùlùmí ni màmá náà. Ta ni ìbá sọ fún un? Jacob sáré bọ́ sí àárín títì, ó na ọwọ́ méjèèjì. Táyà pariwo, mọ́tò yọ̀, ó sì dúró ní ìwọ̀n apá kan sí i.

"Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?" ni màmá náà kígbe. "Ẹ sì ń tẹ láfún mi!"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo ti kéde."

Ó dá eré náà dúró títí láfún fi gbẹ, ó sì kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú.

Kí Olùṣọ́ tí kì í tòògbé máa pa àlọ àti àbọ̀ Jacob, Títíladé àti gbogbo ará ilé wọn mọ́.