Páálí Abẹ́ Alùpùpù

Ẹ wo Gbénró, mẹkáníìkì ẹ̀bá Malu Road, ẹni tó lè fi etí lásán mọ jíà tó ń ṣàìsàn, tí kò sì gbọ́ ohun tó ń dun ìyàwó ẹ̀. Ọdún 1992 ni Bùsáyọ̀ kó ẹrù ẹ̀ lọ bá Kọ̀yà, ọmọ wọn, l'Ábẹ́òkúta. Ohun tó sọ lẹ́nu ọ̀nà ò ju ẹyọ kan lọ: "Bàbá Kọ̀yà, òórùn ọ́ìlì yìí ti sú mi."

Òótọ́ ni, ilé ń rùn. Nítorí olè, inú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ní l'Ájégúnlẹ̀ ni alùpùpù àtijọ́ tí bàbá Gbénró fi sílẹ̀ ń sùn. Gíábọ́ọ̀sì ẹ̀ ń jò bí imú ọmọ tí òtútù mú. Bùsáyọ̀ ló ń tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀, òun náà ló ń kó o dànù láàárọ̀. Lẹ́yìn tó lọ, Gbénró ń tẹ́ páálí fúnra ẹ̀, ó ń dá jẹ ẹ̀bà. Àárò ìyàwó ẹ̀ ń sọ ọ́, ẹ má jẹ́ n purọ́. Ó wá pinnu: bí ọ́ìlì yìí ò bá jò mọ́, Bùsáyọ̀ á padà wálé.

Òrùka awọ ni àwọn tó ṣe alùpùpù náà láyé ọjọ́un fi dí ẹnu ibi tí irin ti yọ jáde nínú gíábọ́ọ̀sì. Gbénró yọ ọ́ sọnù, ó wá síìlì rọ́bà ìgbàlódé. Ó kéré fún ojú ihò, ló bá gbé e lọ bá Benson tó ní ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ irin, kó gbẹ́ òrùka tí yóò gbà á mọ́ra.

"Oga, dis machine don old pass you o," ni Benson wí. "Na who you dey fix am for?"

Gbénró sanwó, ó gba òrùka náà, ó kọrí sílé.

Ó kọ́kọ́ ṣì í ṣe. Eruku sìmẹ́ńtì ara àwọn tírélà ló bà á lẹ́rù, ló bá kọ ètè rọ́bà náà, etí tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dì mọ́ irin, síta kó lè lé eruku. Háà! Síìlì tó yẹ kó kọjú sí ọ́ìlì ló kẹ̀yìn sí i! Lọ́jọ́ kejì, páálí rẹ gbingbin. Ó ra òmíràn, ó fi ọ̀rá búrẹ́dì tó kun ní gírísì wé eyín irin kó má baà gé rọ́bà, ó kọ ètè ẹ̀ sínú, ó fi igi gbá a wọlé jẹ́jẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta, páálí kan náà, ọ́ìlì ò kán sí i rárá. Gbénró pariwo, "Bùsáyọ̀, wá wò ó!" kó tó rántí pé òun nìkan ló wà nílé. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún.

Ó ká páálí náà, ó fi rán Àṣírù, awakọ̀ tírélà tó ń gbé ẹrù láti Apapa lọ s'Ábẹ́òkúta. Kò kọ nǹkan kan sí i; ó ní páálí fúnra ẹ̀ ti sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Àṣírù dé. "Bàbá Kọ̀yà, Màmá ní kí n kó páálí yìí padà fún yín." Bùsáyọ̀ ti kọ̀wé sẹ́yìn ẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́. Ó mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kàndínlógún lẹ fi bá alùpùpù sọ̀rọ̀ lójú mi. Ẹ tiẹ̀ wá rí páálí tó mọ́ tó báyìí, ẹ ò rí ọ̀rọ̀ kan kọ sí i."

Fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni gbogbo làálàá ọ̀hún. Gbénró kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá bíírò, ó ní kí Àṣírù dúró de òun. Ó kọ "Bùsáyọ̀ mi". Títí Àṣírù fi ní òun ń lọ, kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn kọ tẹ̀ lé e.