Iṣẹ́ Tí Màmá Jósẹ́fíìnì Rán Wa sí Grẹnéédà

Aago mẹ́rin ìdájí ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Túndé, aládùúgbò wa ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń wa takisí mínìkábù, fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà wa ní Thamesmead North, ní Lọ́ńdọ̀nù. Òtútù ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Yìnyín ti bo gíláàsì ọkọ̀ gbogbo àdúgbò, èmi rèé, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, mo wọ ṣòkòtò péńpé funfun sábẹ́ ẹ̀wù òtútù, torí Kudi ọmọ wa ti ní oòrùn ibi tí à ń lọ kì í ṣeré. Túndé wo ojúgun mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Daddy, ṣé ẹ ò gbàgbé ìdajì ṣòkòtò yín sílé?" Mo ní kó gbájú mọ́ ọkọ̀ tó ń wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Nígbà tí ìgbéyàwó èmi àti Ìyá Kudi pé ogójì ọdún, àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáwó jọ, wọ́n ra ọ̀sẹ̀ kan fún wa nínú ọkọ̀ òkun tó ń káàkiri àwọn erékùṣù Karibíánì. Kúrúùsì ni wọ́n ń pe irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Inú ọkọ̀ lẹ ó ti sùn, inú rẹ̀ lẹ ó ti jẹun, tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó bá ara yín ní ìlú mìíràn. Ọdún méjìlélógún ni mo fi wa báàsì láàárín Woolwich àti Plumstead kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi tí mo ń gbé gbogbo ayé kiri, ta ló gbé mi rí? Alhamudulilaahi. Ọmọ ò ní í ya ìkà mọ́ wa lọ́wọ́ o.

Wákàtí mẹ́jọ àbọ̀ ni ọkọ̀ òfurufú gbé wa láti Gatwick dé Bàbádọ́ọ̀sì, ibẹ̀ la sì ti wọ ọkọ̀ òkun. Yéè! Ọkọ̀ náà ga ju àwọn ilé tuntun tó wà létí odò ní Royal Arsenal lọ. Oúnjẹ ń dà síta láàárọ̀ lọ́sàn-án lálẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì bi yín pé ẹ ti bù ú ní ẹ̀ẹ̀melòó. Ata nìkan ni kò sí. Ìyá Kudi kàn wò mí, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ ike ìpara kan jáde. Ata gígún ló kún inú rẹ̀. Mo ní, "Olówó orí mi, ìwọ ni mo fẹ́, n ò ṣìnà."

Iṣẹ́ tó wà nínú kúrúùsì kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹ yan ohun tí ẹ ó ṣe tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀. Ẹskọ́ṣọ̀n ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní tábìlì kan nísàlẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ti ń tà á, ìlà ibẹ̀ sì gùn bíi ti ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́jọ́ owó ìfẹ̀yìntì. Òmíràn, wọn á so yín mọ́ okùn, ẹ ó máa fò láti orí igi kan sí òmíràn. Òmíràn, ẹ ó bá ẹja wẹ̀. Òmíràn, ilé ìpọntí ni, a ò dé ìdí ìyẹn. Ní Sẹ̀ńt Lúṣíà, dọ́là márùndínláàádọ́rin lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan la san kí wọ́n tó gbé wa lọ sí ibi tí omi gbígbóná ti ń hó láti inú ilẹ̀, wọ́n wá ní ká fi ẹrẹ̀ dúdú ibẹ̀ para. Ẹrẹ̀ o! Ohun tí ìyá mi tìtorí ẹ̀ nà mí ní Ìbàdàn ni mo fowó ara mi rà. Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ bi mí, ara mi dán fún ọjọ́ méjì.

Grẹnéédà ló kàn, ibẹ̀ gan-an lọkàn mi wà. Dọ́là mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni ẹskọ́ṣọ̀n tí mo yàn: wọn á mú yín lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta, lẹ́yìn náà oko kòkó. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, n ò tíì fojú kan igi kòkó mọ́. Omidan tó ń tà á ti fẹ́ tẹ bọ́tìnnì nígbà tí Ìyá Kudi di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Bàbá Kudi, ẹ dákun, ẹ má tíì sanwó. Wọ́n rán mi níṣẹ́ sí Grẹnéédà."

A kúrò lórí ìlà, ó wá tú kẹ́kẹ́ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni ìyàwó mi ń ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ni Màmá Jósẹ́fíìnì, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ní Plumstead. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa, mo máa ń bá wọn tún gílóòbù ṣe. Ọmọ Grẹnéédà ni wọ́n. Àbúrò kan ṣoṣo ni wọ́n ní láyé, Mísì Agnẹ́sì, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sì rèé tí Mísì Agnẹ́sì ti yọwọ́ wọn láwo. Ìyá wọn ló kú. Màmá Jósẹ́fíìnì, tí í ṣe àkọ́bí, kò wálé wá sin ìyá. Wọ́n kọ lẹ́tà títí, kò sí èsì. Nísinsìnyí, ìbàdí wọn ti kán, dókítà ní wọn ò lè wọ ọkọ̀ òfurufú mọ́ láé. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ibi tí ìyàwó mi ń lọ, wọ́n sunkún, wọ́n fún un ní ìborùn kan tí wọ́n fọwọ́ ara wọn hun, wọ́n ní, "Bá mi bẹ̀ ẹ́. Mi ò fẹ́ kú láìgbọ́ ohùn ẹ̀."

Inú bí mi, n ò ní í purọ́. Mo ní, "Látìgbà yẹn, o ò sọ fún mi?"

Ó ní, "Bí mo bá sọ, ṣé ẹ ò ní í ní kí n má gbà á?"

Òótọ́ ló sọ. Nǹkan mìíràn tún wà. Omidan yẹn ti ṣàlàyé pé tí ẹ bá tẹ̀ lé ẹskọ́ṣọ̀n tiwọn, tó bá pẹ́, ọkọ̀ á dúró dè yín. Tí ẹ bá dá lọ, tí ẹ ò bá ti dé ní aago mẹ́rin àbọ̀, ó dàbọ̀. Èmi tí mo ti tilẹ̀kùn báàsì mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn níta, mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ṣùgbọ́n n ò lè sùn. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ mo ní, "Gbé ìborùn yẹn. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́." Ìyá Kudi dì mọ́ mi níwájú àwọn òyìnbó.

Ọgọ́fà dọ́là Amẹ́ríkà ni àwọn onítakisí etíkun ń pè. A rìn lọ sí gáréèjì, a wọ báàsì kékeré tó ń gba èrò méjìdínlógún. Dọ́là méje owó tiwọn ni lórí ẹnìkan, ó lé díẹ̀ ní pọ́n-ùn méjì. Nǹkan kan wú mi lórí níbẹ̀. Kò sí ẹni tó wọlé tí kò kí gbogbo ọkọ̀ pé ẹ káàárọ̀, gbogbo ọkọ̀ á sì dáhùn. Ní Woolwich, ìgbà mìíràn mo máa ń wakọ̀ láti àárọ̀ dọ́sàn-án tí ẹnu ènìyàn kan ò ní í ṣí sí mi. Apá òsì ni wọ́n ń gbà bíi ti Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀nà náà tóóró, ó ń lọ́ kiri lára òkè, òkun wà nísàlẹ̀ gbọnrangandan. Désímọ́ǹdì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wà á, fọwọ́ kan di ọkọ̀ mú. Mo ń tẹ bíréékì tí kò sí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó ti gbé wa kọjá kọ́nà bí ogún kí n tó gbà nínú ara mi pé ọmọ yìí mọ ọkọ̀ í wà jù mí lọ.

Ìlú àwọn apẹja tí wọ́n ń pè ní Gouyave ló já wa sí. Désímọ́ǹdì ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òun máa kọjá gbẹ̀yìn níbẹ̀ tí a ó fi bá ọkọ̀ òkun. Àdírẹ́ẹ̀sì ọwọ́ wa kò ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ tí a bi nawọ́ sí orí òkè pé, "Ilé tó ní igi nọ́tímẹ́ègì lẹ́yìnkùlé." Nọ́tímẹ́ègì yìí lèso tí ẹ̀ ń rin sí pọ́ọ̀fù pọ́ọ̀fù nílé. Gbogbo ìlú náà ló ń run ún.

Mísì Agnẹ́sì wà níta ilé wọn, wọ́n ń pa ẹ̀wà. Arúgbó tín-ín-rín, ojú wọn bá ti ẹ̀gbọ́n wọn mu bí ẹni gé e. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí wa títí Ìyá Kudi fi dárúkọ Jósẹ́fíìnì. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Ìyá Kudi kúnlẹ̀ síbi àtẹ̀gùn, ó ń bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa ìbàdí tó kán. Ó sọ bí Màmá ṣe ń dá jókòó lójú wíńdò. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ṣí. Mísì Agnẹ́sì ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ máa lọ. Ẹni tí kò wá sin ìyá, kí ló fẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. N ò tiẹ̀ ronú. Ohun tí wọ́n bá ń ṣe fún àgbà tínú ń bí nílé wa ni mo ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kanlẹ̀, mo dojú bolẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé funfun mi.

Ariwo ta! "Jéésù! Ọkùnrin yìí ti kú!" Mísì Agnẹ́sì ké sí aládùúgbò wọn, obìnrin náà sáré dé pẹ̀lú omi nínú garawa àti ìgò béérọ́ọ̀mù, ìyẹn omi ọlọ́tí olóòórùn tí wọ́n fi ń para bí àwa ṣe ń fi róòbù. Kí n tó sọ pé "ẹ dúró," omi ti bò mí. Kí n tó gbórí sókè, wọ́n ti fi ọtí ra gbogbo orí mi. Èmi Mùsùlùmí òdodo! Ìyá Kudi ń pariwo pé n ò kú, pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ wa, pé tí àgbà ò bá ní kéèyàn dìde, èèyàn ò ní í dìde.

Mísì Agnẹ́sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wojú mi. "Kí lo ṣe mí tí o fi ń bẹ̀ mí?"

Mo ní, "Ẹ ò ṣẹ̀ mí, n ò ṣẹ̀ yín. Jósẹ́fíìnì ni kò lè dọ̀bálẹ̀. Ìbàdí mi ni mo yá wọn."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, wọ́n wá ní, "Dìde, arákùnrin. Dìde, o ti tutù."

Wọ́n ro tẹnu wọn fún wa. Pé àwọn nìkan ni àwọn dúró ti pósí. Pé gbogbo lẹ́tà yẹn wà nínú àpótí, àwọn ò ṣí ẹyọ kan. Ìyá Kudi ní ọdún tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun ní ọsibítù ni, wọn ò fún wọn láyè, nígbà tí àyè wá yọ, ojú ń tì wọ́n láti wá. Mísì Agnẹ́sì fi ìborùn náà bo èjìká, wọn ò bọ́ ọ mọ́. Wọ́n gbé ẹja àti bẹrẹfúrútù sísun tó dà bí iṣu jáde. Àwa, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí, a ní a ti yó. Nílé, wọn á rọ̀ wá lẹ́ẹ̀mẹta, a ó sì jẹ ẹ́. Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n gbé àwo wọlé. Mo fojú sìn ín dé kíṣìnì.

A pe Màmá Jósẹ́fíìnì lórí fóònù ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọn ò gbé e. Ìyá Kudi ní ó dájú pé ẹni tó ń gba iṣẹ́ òun ṣe ti fi fóònù sí iná ní kíṣìnì, wọn ò sì lè dìde lọ mú un. Aago ti lọ. Mo ní kí Mísì Agnẹ́sì sọ̀rọ̀ sínú fóònù mi, kí n gbé e lọ. Wọ́n wò ó bí ẹni wo ejò, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Wọ́n ṣa nọ́tímẹ́ègì méje lábẹ́ igi ìyá wọn, wọ́n pọ́n ọn sínú bébà, wọ́n kọ nọ́ńbà ilé wọn sára rẹ̀.

Mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni a dé ìsàlẹ̀ òkè. Báàsì ti lọ. Mo ti ń rí ara mi ní Grẹnéédà pẹ̀lú ṣòkòtò kan. Àfi bí mo ṣe gbọ́ fèrè. Désímọ́ǹdì ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ láti orí afárá, pẹ̀lú èrò kún inú ọkọ̀. Ó ní, "Mo rí yín lórí òkè. Mo dúró dè yín lórí afárá, mo rò pé ẹ ó tètè sọ̀kalẹ̀." Kò sí èrò kan tó kùn. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni a gun ọkọ̀ òkun, mo ń run ọtí, àwọn ẹlẹ́skọ́ṣọ̀n sì ń bi wá bóyá a gbádùn omi tó ń já.

Gbogbo ẹ̀yin tí mo tilẹ̀kùn mọ́ níta ní Plumstead tí ẹ ń sáré bọ̀, tí mo ṣe bí ẹni tí kò rí yín, ẹ forí jì mí. N kì bá tí mọ̀ bí kì í bá ṣe ọmọ yẹn. Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn, n ò sì rí igi kòkó kan ṣoṣo. Ọlọ́run á jẹ́ kó dọjọ́ mìíràn.

Lọ́jọ́ Àìkú tí a dé, a ò tíì tú ẹrù tí a fi gba Plumstead lọ. Màmá Jósẹ́fíìnì gba bébà náà, wọ́n gbé e sí imú. Mo tẹ fóònù. Ohùn Mísì Agnẹ́sì jáde: "Jósì, igi Màmá wa ṣì ń so. Mo ti gbọ́."

Wọ́n ní kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ tí ìyá wa ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí ní Jósì mọ́."

Ìyá Kudi wo nọ́ńbà ara bébà, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi fóònù sí wọn létí. Ó dún títí. Mísì Agnẹ́sì gbé e. A gbọ́ ọ dáadáa: "Ta nìyẹn?" Màmá di fóònù mú ṣinṣin. Mo di ọwọ́ wọn kejì mú.

"Èmi ni. Jósì ni."

Mísì Agnẹ́sì wá ní, "O pẹ́ kí o tó dé." Ìyá Kudi fà mí láṣọ, a lọ dúró sí kíṣìnì. A po tíì fún Màmá, ó tutù, a tún òmíràn pò, ìyẹn náà tutù, wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán.